Ìgbẹ́ Ni Mò Ń Kà Jẹun

Bí ẹnikẹ́ni bá bi àwọn ọmọ mi pé iṣẹ́ wo ni bàbá wọn ń ṣe, "láàbù" ni wọ́n máa ń sọ, wọ́n á sì yára yí ọ̀rọ̀ padà. Mi ò bá wọn jà. Ìgbẹ́, ìtọ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ni mo fi ń jẹun, ní ilé ìwòsàn kan n'Ìbàdàn tí ògiri kan ṣoṣo pààlà láàárín láàbù wa àti kíníìkì àwọn tó ní kòkòrò HIV. Ọ̀pọ̀ ike tó ń dé orí tábìlì mi, ọ̀dọ̀ wọn ló ti ń wá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i pé ìwé tí wọ́n ń gbà ní kíníìkì ń sọ ọ̀kan, àwo tó wà níwájú mi ń sọ òmíràn. Ìwé wọn ń sọ pé fáírọ́ọ̀sì ti lọ sílẹ̀ débi pé ẹ̀rọ ò rí i mọ́. Òótọ́ ni, ohun ayọ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n bakitéríà tó wà nínú ìfun wọn ò sí nínú ìwé yẹn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni oògùn apakòkòrò kò tu irun kan lára rẹ̀ mọ́.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyí. Bí ìgbẹ́ bá dé, a ó fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bù ú bín-ín-tín, a ó fà á sójú àwo MacConkey, àwo tí oúnjẹ kòkòrò wà nínú rẹ̀, a ó gbé e sínú inkubétọ̀ ní ooru 37, ó di òwúrọ̀ ọ̀la. Tílẹ̀ bá mọ́, E. coli, bakitéríà tó ń gbé inú ìfun, á ti hù ní pupa fẹ́ẹ́rẹ́, á gbẹ, á tẹ́ pẹrẹsẹ. Klebsiella, ìbátan rẹ̀ tó ń gbé inú ìfun náà, á ga sókè, á sì máa fà yọ̀ọ̀ bí ọbẹ̀ ilá tí a bá fi wáyà kàn án. A ó mú lára ọ̀kan, a ó pò ó mọ́ omi oníyọ̀ títí omi náà yóò fi ṣú dé ìwọ̀n tí ìwé ìlànà sọ, a ó fi òwú pa á kárí àwo Mueller-Hinton, kó má ku ibì kan. Lẹ́yìn náà la ó wá to bébà róbótó kéékèèké lé e, tí oògùn ti wà lára oníkálukú: ampicillin, Septrin, cipro, gentamicin, ceftriaxone, meropenem. Ó tún di ọ̀la. Oògùn tó bá ká kòkòrò náà, àyíká bébà rẹ̀ á mọ́ tónítóní, nǹkan kan ò ní hù níbẹ̀. Èyí tí kò bá ká a, kòkòrò á hù títí á fi fẹnu kan bébà. Rúlà la fi ń wọn àyíká tó mọ́ yẹn ní mìlímítà, ká tó kọ S tàbí R síwájú orúkọ oògùn. S, ó ká a. R, kò ká a.

Àwo kan wà tí mo máa ń pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa wá wò. A ó fi bébà Augmentin sáàárín, a ó fi cefotaxime sí ọ̀tún rẹ̀, ceftazidime sí òsì, àárín bébà kan sí èkejì á jẹ́ mìlímítà 20. Bí kòkòrò náà bá jẹ́ irú tó ń ṣe èròjà tó ń gé ceftriaxone àti àwọn ìbátan rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, àyíká tó mọ́ lára cefotaxime á kéré lẹ́yìn, ṣùgbọ́n níhà tó kọjú sí Augmentin, á na ọrùn lọ bá a. Ohun kan wà nínú Augmentin tó ń de èròjà yẹn lọ́wọ́, òun ló fà á. ESBL la ń pè é. Ó lẹ́wà lójú, ká má parọ́, ṣùgbọ́n ìròyìn burúkú ni: ceftriaxone tí wọ́n ń gún fún aláìsàn ní wọ́ọ̀dù káàkiri ilẹ̀ yìí ti di omi lásán fún kòkòrò bẹ́ẹ̀.

Fún Septrin, n kì í sábà nílò rúlà. Nínú ohun tó ń ti kíníìkì ẹ̀gbẹ́ wa wá, kòkòrò ti máa ń hù dé etí bébà rẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Ojoojúmọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé Septrin mì, pàápàá nígbà tí CD4 wọn, ìyẹn iye sójà ara wọn, bá ṣì kéré, nítorí bẹ́ẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a ṣe. Kòkòrò inú ìfun pọ̀ ju ohun tí ẹnu lè kà lọ. Èyí tí oògùn bá ká, á kú. Èyí tí kò ká ni yóò jogún ilé. Àwọn tó jogún ilé yìí kì í sì í dá ọgbọ́n wọn pa mọ́. Wọ́n lè fà á lé ara wọn lọ́wọ́, kódà kí E. coli gbé e fún Klebsiella, ohun tí wọ́n sì ń gbé fún ara wọn kì í sábà jẹ́ ti Septrin nìkan. Ti ampicillin lè wà nínú rẹ̀, ti tetracycline, ti ceftriaxone pàápàá. Ẹni tí kò lo ju Septrin lọ lè tipa bẹ́ẹ̀ máa tọ́ kòkòrò tí oògùn tí kò fẹnu kàn rí kò ní ràn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń wo ike Septrin rẹ̀ tìfura-tìfura báyìí. Ẹ má dà á nù o. Ní Zambia, wọ́n fún àwọn ọmọdé kan tó ní HIV ní Septrin lójoojúmọ́, wọ́n fún àwọn mìíràn ní èyí tí kò ní oògùn kankan nínú, ní ilẹ̀ tí bakitéríà ti ń kọ Septrin gan-an nígbà yẹn. Nígbà tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2004, ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò rí Septrin lò ló ti kú. Nínú àwọn tó lò ó, ìdá 28 ni. Iṣẹ́ Septrin ju ti E. coli lọ ni: ó ń dènà oríṣi àrùn ẹ̀dọ̀fóró kan tó máa ń pa ẹni tí sójà ara rẹ̀ ti tán, ó ń dènà toxoplasma tó ń kọlu ọpọlọ, ó tún ń ran ni lọ́wọ́ lórí ibà ẹ̀fọn. Ọjọ́ tó bá tó láti dá a dúró, dókítà ni yóò sọ. Oògùn tó ń gbà wọ́n là náà ló ń kọ́ kòkòrò ìfun wọn lọ́gbọ́n. Méjèèjì ni òótọ́, n ò sì rí ìdí tí a fi ń sọ ọ̀kan fún aláìsàn tí a ń fi èkejì pa mọ́.

HIV fúnra rẹ̀ náà ò fi ìfun lọ́rùn sílẹ̀. Inú ìfun ni ọ̀pọ̀ sójà ara wa pàgọ́ sí, ibẹ̀ sì ni fáírọ́ọ̀sì ti máa ń pa wọ́n nípakúpa láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó bá wọlé. Ògiri ìfun á wá máa jò, ohun tó yẹ kó dúró nínú ìgbẹ́ á máa yọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Oògùn HIV ń tún un ṣe, àmọ́ ti ìfun máa ń falẹ̀ ju ti ẹ̀jẹ̀ lọ. Ẹ wá fi ìdùbúlẹ̀ nílé ìwòsàn kún un, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti okùn omi tí wọ́n ń fà sí ni lọ́wọ́, ẹ óò rí i pé ọ̀nà tí wọ́n fi ń pàdé kòkòrò olóríkunkun pọ̀. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ tiwa nìkan. Wọ́n ti rí ESBL nínú ìgbẹ́ àwọn ọmọdé tó ní HIV ní Harare.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi èyí kún ohun tí wọ́n fi ń nàka sí wọn. Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ kan tẹ èsì ìwádìí jáde lórí ìgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí kò ṣàìsàn rárá. E. coli 758 ni wọ́n yẹ̀ wò, tí wọ́n kó jọ láti 1986 títí di 1998. Ní 1986, èyí tí tetracycline, ampicillin, chloramphenicol àti streptomycin kò ràn wà láàárín ìdá 9 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sinmi lórí oògùn. Nígbà tó fi máa di 1998, ó ti di 56 sí 100. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jẹ ẹ̀wà nílé oúnjẹ, tó ń lọ kíláàsì, ló ń gbé gbogbo ìyẹn kiri. Mo ti gbin tèmi náà wò rí. Ẹ má bi mí léèrè ohun tó hù.

Màmá kan tó ń ta ata ní Bódìjà ló jẹ́ kí n rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń pa ènìyàn lára láìjẹ́ pé kòkòrò ṣe nǹkan kan. Ó ti ń gba oògùn HIV láti ìgbà tó ṣì ń pọn àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Àbígbẹ̀yìn náà ti wà ní yunifásítì báyìí. Inú ń ṣí i. Dípò kó wá sí kíníìkì, ó yà sí láàbù aládàáni kan, wọ́n gbin ìgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fún un ní ìwé. E. coli ni wọ́n kọ sókè, R wá tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ku meropenem nìkan tó gba S. Kẹ́mísìtì ti bá a ṣírò iye tí abẹ́rẹ́ meropenem ọjọ́ méje yóò jẹ́. Ó fẹ́ gba owó àjọ rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ kó lè rà á. Bó ṣe ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa ló yọjú sí mi.

"Dókítà, ẹ dákun, ẹ bá mi wò ó. Ṣé mo máa kú ni?"

"Ọlọ́run ò ní jẹ́, Màmá. Ẹ jókòó ná. Èmi kì í ṣe dókítà, mà, láàbù ni mo wà."

"Dókítà náà ni gbogbo yín. Ọmọ mi ní R tó pọ̀ níbẹ̀ yẹn ò dáa."

"Màmá, bí mo bá mú ìgbẹ́ tèmi wá síbí, E. coli á hù níbẹ̀. Ilé rẹ̀ ni ìfun."

"Ilé rẹ̀? Nínú mi níbí?"

"Nínú gbogbo wa, mà."

Ó wo ìwé náà, ó wò mí. "Tí wọ́n sì gba owó lọ́wọ́ mi láti sọ pé ó wà nílé?"

N ò rí èsì fọ̀ sí i. Mo mú un lọ bá dókítà. Ìyẹn bi í ní ohun tó ti gbé mì kó tó wá, Màmá sì kà á: Flagyl, tetracycline oníhóró pupa àti yẹ́lò, Ampiclox, àti oògùn olómi funfun tó fi ń pa inú gbígbóná, èyí tó ń mu pọ̀ mọ́ oògùn HIV rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Dókítà ní kó dá gbogbo wọn dúró yàtọ̀ sí ti HIV, kó sì máa mu omi iyọ̀ àti ṣúgà. Ó tún là á yé e pé oògùn funfun yẹn máa ń di dolutegravir, oògùn HIV tó ń lò, lọ́wọ́ nínú ìfun: tó bá pọn dandan kó lò ó, kó ti gbé ti HIV mì ní wákàtí 2 ṣáájú, àbí kó jẹ́ wákàtí 6 lẹ́yìn rẹ̀. Àwa fi àró pupa kun ìgbẹ́ rẹ̀, a fi wá àwọn kòkòrò mìíràn tó máa ń ṣí inú àwọn tí CD4 wọn kéré, a ò rí wọn. Kò pẹ́ tí inú rẹ̀ fi dúró. Owó àjọ ò jáde.

Láti ọjọ́ yẹn ni n kì í ti í fi ẹnu wẹ́lẹ́ sọ ọ́ mọ́: láàbù tó bá gbin ìgbẹ́ àgbàlagbà, tó rí E. coli lásán, tó sì to R àti S sábẹ́ rẹ̀ fún aláìsàn, kò ṣe aláìsàn náà lóore. Àwọn irú E. coli kan wà tó ń ṣí inú lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwo MacConkey nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo mọ ohun tó fà á. Oníbàárà tó sanwó tí wọ́n sọ fún pé "a ò rí nǹkan kan" á rò pé wọ́n jẹ owó òun ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Widal tí gbogbo ìlú fi ń ní taifọ́ọ̀dù lóṣooṣù, àmọ́ ẹ jẹ́ n fìyẹn sílẹ̀.

Kòkòrò tó ń gbé inú ẹni àti kòkòrò tó ń bá ni jà kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ẹ bá gba abẹ́rẹ́ olówó iyebíye nítorí èyí tó jókòó jẹ́ẹ́ nínú ìfun, àwọn onírẹ̀lẹ̀ ni ẹ óò kọ́kọ́ pa, àyè á sì gba alágídí. Bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ tí ẹ ò fi oògùn apakòkòrò bọ́ wọn, lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn onírẹ̀lẹ̀ á tún gba ilẹ̀ wọn padà láàárín oṣù díẹ̀. Ìjà dé nígbà tó bá kúrò ní ìfun tó wọ ilé ìtọ̀, tàbí ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ, tàbí ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni ìwé R ti wúlò. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ káàdì kíníìkì wọn, kí dókítà tí ibà bá gbé wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lóru ọjọ́ kan lè mọ ohun tí kò ní fọwọ́ kàn.

Irú ìjà bẹ́ẹ̀ ló gbé tíṣà kan dé ọ̀dọ̀ wa. Fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ ò hàn lórí ẹ̀rọ, kì í pa oògùn jẹ, ṣùgbọ́n ìtọ̀ ń ta á, ó ń tọ̀ lemọ́lemọ́. Ó ti ra cipro ní ṣọ́ọ̀bù, ó lò ó fún ìgbà díẹ̀, ó fúyẹ́, ó dá a dúró, ó tún padà. Ìtọ̀ tó kọ́kọ́ gbé wá, cipro ti wà nínú rẹ̀: lábẹ́ ẹ̀rọ asọǹkandi-ńlá, ọyún kún ojú rẹ̀ fọ́fọ́, ṣùgbọ́n àwo mọ́ roro, nǹkan kan ò hù. A ní kó dá oògùn ṣọ́ọ̀bù yẹn dúró, kó sì mú òmíràn wá nígbà tó bá yá. Èyí tó hù nígbà kejì, ESBL ni. Septrin R, cipro R, Augmentin R, ceftriaxone R. Gentamicin gba S, nitrofurantoin náà gba S.

Nitrofurantoin ni dókítà yàn, lẹ́yìn tó ti yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò nítorí tenofovir tó wà nínú oògùn HIV rẹ̀ àti nítorí pé nitrofurantoin fúnra rẹ̀ ń fẹ́ kíndìnrín tó dá. Oògùn àtijọ́ ni, láti bí àádọ́rin ọdún. Kì í gbówó lórí. Inú ìtọ̀ nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, kò lè ja ìjà inú ẹ̀jẹ̀, bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ò fi bìkítà fún un, tó sì fi ṣì ní agbára. Ara rẹ̀ yá. Nígbà tó wá gba ìwé rẹ̀, ó ní, "Sà, ṣebí ẹ ní fáírọ́ọ̀sì mi ò hàn mọ́. Kí ló wá dé?" Mo ní ti fáírọ́ọ̀sì ò hàn lóòótọ́, pé kò tiẹ̀ lè ràn mọ́ ọkọ rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n oògùn HIV kì í pa bakitéríà, àyẹ̀wò kan ò sì lè jẹ́rìí fún èkejì. Ó ní, "Wọn ò sọ ìyẹn fún wa rí ní ìpàdé." Lóòótọ́, wọn kì í sọ ọ́.

Ẹ má fi gbogbo ara gbẹ́kẹ̀ lé ìwé láàbù náà o. Inú òtútù ni bébà oògùn yẹn ń gbé. Tí iná bá lọ lálẹ́, tí epo jẹnẹrétọ̀ sì tán, bébà Augmentin ló máa ń kọ́kọ́ kú, ilẹ̀ á mọ́, àwo á sì máa pe kòkòrò tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀ ní R. Nítorí rẹ̀ la ṣe máa ń fi E. coli ATCC 25922, tí gbogbo ayé mọ bó ṣe yẹ kó ṣe, dán bébà wò ká tó gbà á gbọ́. Tí ọ̀rẹ́ wa 25922 bá jáde ní R, bébà ló bàjẹ́. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ láàbù yín bóyá wọ́n ń ṣe é. Ẹni tó ń ṣe é kì í bínú.

Ti ṣọ́ọ̀bù olóògùn, ó ti sú mi láti sọ. Láti 2023 tí ilé iṣẹ́ oògùn ńlá kan ti kó kúrò ní Nàìjíríà, tí náírà náà sì já, owó Augmentin ti fò kọjá apá ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n wá ń ra ìdajì káàdì, hóró mẹ́ta, hóró mẹ́rin. Ẹni tí ebi ń pa ò ṣeé bá wí bẹ́ẹ̀. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pò mọ́ omi adìẹ ní ọgbà adìẹ náà ń dá kún un, ọbẹ̀ ló sì ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 2019, àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé bakitéríà tí oògùn kò ràn pa mílíọ̀nù 1.27 ènìyàn káàkiri ayé, ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa yìí ló sì wúwo jù sí bí a bá fi iye ènìyàn wọ̀n ọ́n.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó bá dúró bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ò pọ̀. Ọṣẹ àti omi lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, àti kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Ọwọ́ ni kòkòrò yìí ń gùn láti ìdí ẹnì kan dé ẹnu ẹlòmíràn. Ẹ̀yin obìnrin, iwájú lọ sẹ́yìn lẹ máa nù ún. Tí ìtọ̀ bá ń ta yín, ẹ gbé e wá kí oògùn tó kan ẹnu, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ dà nù, ẹ gba ti àárín sínú ike tí láàbù fún yín, kì í ṣe ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ẹ fọ̀. Kó dé ọ̀dọ̀ wa láàárín wákàtí 2, nítorí nínú ooru tiwa yìí, kòkòrò díẹ̀ á di púpọ̀ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n tí ara bá ń gbóná, tí ẹ ń gbọ̀n, tí ìhà tàbí ẹ̀yìn ń dùn yín pọ̀ mọ́ ọn, ẹ má jókòó de àwo mi. Ẹ lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n gba ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ oògùn lójú ẹsẹ̀. Èsì tiwa á bá a níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, wọ́n á sì yí oògùn padà tó bá yẹ.